Ta Ló Ni Ohun Tó Wà Nínú Ike Kẹtàlá?

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́dún tí mo hu ìwà tí mo fẹ́ ròyìn yìí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó, tí mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè dé òpin kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ ó rí i láìpẹ́ bí èmi fúnra mi ṣe ka ìbéèrè.

Àgbowó ni ilé wa wà, ní òpópónà kan tí ilé mẹ́rìnlélógún wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára gbogbo wọn. Nọ́ńbà kẹtàlá ni tèmi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn láńlọ́ọ̀dù. Nínú ẹgbẹ́ wa, ohun kan wà tí a kì í bá ara wa jiyàn lé lórí: ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú wá, láńlọ́ọ̀dù ló ń mú un wá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ wá fún gọ́tà kíkó, láńlọ́ọ̀dù ni. Bí wọ́n bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan wá buwọ́ lùwé, láńlọ́ọ̀dù ni. Ayálégbé lè ní ọkọ̀ mẹ́ta àti oyè ọ̀mọ̀wé, kò lè ṣojú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó wa sí wàhálà.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Ọ̀gbàrá wọ kànga àwọn aládùúgbò, omi wọn sì pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ amọ̀. Kànga tèmi nìkan ló ṣì mọ́ gaara. Mo ṣí géètì sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn máa wá pọn, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń kí mi pé, "Tíṣà, Ọlọ́run á bá wa bù kún kànga yín." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan níbí fún àwọn tí kò mọ̀: omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé ní òpópónà kejì. Àwọn kan ní ẹ̀wà aganyin ló ń dà wọ́n láàmú. Àwọn kan ní ìdánwò ló kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ìbẹ̀rù ló ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó wá dé òpópónà tiwa, níbi tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò kankan, a dákẹ́ àwàdà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìlera tó wà nítòsí wa wá bá wa ní ìpàdé níwájú ilé alága ẹgbẹ́ wa. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ. Ó gbé àpò kan tí àwọn ike kékeré olómorí kún inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì na bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo fura pé àrùn onígbáméjì ló wà ní àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìfura lọ bá ọ̀gá mi, wọ́n á ní kí n gbé e padà. Bébà yìí ni mo lè gbé lọ."

Ó wá ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, ó ní, ìgbẹ́ aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ibi àyẹ̀wò ńlá, tí wọ́n á sì máa retí èsì fún ọjọ́ mélòó kan. Kí èsì tó dé, àrùn náà á ti kí gbogbo ilé ní òpópónà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bébà yìí, wọ́n á tì í bọ inú ìgbẹ́ náà, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ìlà kan bá yọ, a jẹ́ pé kò rí i. Bí ìlà méjì bá yọ, a jẹ́ pé ó rí i. Wọ́n á ṣì fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò ńlá fún ìdánilójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

"Nítorí náà," ó ní, "ilé tí ẹnì kan bá ti ń ṣu gbuuru, kí wọ́n bá mi bu díẹ̀ lára ìgbẹ́ náà sínú ike, kí ó dé ọwọ́ mi níbí lọ́la ní aago mẹ́jọ." Ó pín ike fún wa, ó kó àpò rẹ̀, ó forí lé òpópónà tó kàn.

Alága wa ti wa ọkọ̀ àjàgbé rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyókù ariwo ẹ́ńjìnnì náà sì ṣì wà ní etí rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ó yé wa. Ilé kọ̀ọ̀kan, ike kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi rúlà fa ìlà: nọ́ńbà ilé, orúkọ láńlọ́ọ̀dù, ìbuwọ́lùwé. Ojú ìwé náà dára wò. Kò sí ibì kankan lórí rẹ̀ tí a ti béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo gbọ́ tí ìyàwó mi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín yàrá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Mo ní, "Ìyá wọn, kí ló dé?"

Ó ní, "Ẹ̀wà àná ni."

"A jọ jẹ ẹ̀wà àná náà ni."

"Ikùn tiyín yàtọ̀. Ikùn ìjọba ni."

Nígbà tí aago méje máa fi lù, mi ò lè ka iye ìgbà tó ti lọ mọ́. Mo gbé ike lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ike náà, ó wò mí.

"Ẹ gbé kinní yẹn kúrò níwájú mi."

"Nọ́ọ̀sì ló ní kí a..."

"Nọ́ọ̀sì wo? Èmi Ìyá Àdínì, kí wọ́n máa gbé ìgbẹ́ mi káàkiri Àgbowó nínú ọ̀rá? Kí n dé àsàlátù kí àwọn obìnrin máa sún ẹní wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi? Ilé ni wọ́n ní kó mú un wá àbí? Ẹ̀yin náà ò gbé ilé yìí ni? Ẹ mú tiyín lọ."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ ti ń sún mọ́lé, n kò sì pẹ́ dé ibì kan rí láti ọjọ́ tí mo ti gba aago ọwọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ mi ló wà níwájú nọ́ńbà kẹtàlá nínú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe, mo dé ike náà pa. Mo wá jókòó, mo kọ ìwé pélébé kan láti fi tẹ̀ lé e: "Obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ń ṣu gbuuru láti ìdájí." Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Inú ike ni irọ́ wà.

Ẹ ò bá rí wa láàárọ̀ ọjọ́ náà níwájú ilé alága! Gbogbo láńlọ́ọ̀dù tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oníkálùkù pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́, tí a ń kí ara wa bí ẹni tó wà ní báńkì.

"Ẹ ti dé?"

"A ti dé. Tiyín ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́."

Ìyá àgbà kan tó ní ilé alájà méjì ní ìkangun òpópónà nìkan ni ike tirẹ̀ ṣófo. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, má bínú. Mo jókòó títí, kò wá. Ṣé mo lè mú un wá lọ́sàn-án?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ ò ṣu gbuuru?"

"Èmi kẹ̀? Alihamudulilahi, ara mi le koko!"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí tábìlì. Ó ṣí ike alága tó wà níwájú, ó wo inú rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Bàbá, ta ló ni èyí?"

"Ilé kìíní ni."

"Mo ní ta ló ṣu ú?"

"Èmi ni! Ṣé ẹ rò pé mo máa rán èèyàn ni?"

"Ta wá ni ara rẹ̀ ò yá nínú ilé yín?"

"Ayálégbé kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n ayálégbé kì í ṣojú ilé lọ́dọ̀ wa."

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó lè nu ojú. Ó ní, "Bàbá, èyí tí ẹ gbé wá yìí, a lè fi mọ ilé! Èyí tí mò ń wá, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ló máa ń rí. Ẹ̀yin tí ara yín le, kí ni mo fẹ́ fi tiyín ṣe? Ẹ padà sílé, ẹ lọ bá aláìsàn, tiẹ̀ ni kí ẹ bù wá."

Ni ẹ̀rín bá ta. Bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rá wọn padà, tí oníkálùkù ń fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó fọ́," ni èmi dìde gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Mo sọ fún wọn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá gbọ́ àlàyé dé òpin nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀, ike kẹtàlá jókòó lórí tábìlì, ó ń wò mí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, nọ́ọ̀sì mú un. Ó ka ìwé pélébé náà. Ó ṣí ike, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó sì wo ojú mi. Ó wá dé e padà jẹ́jẹ́, kò ti bébà kankan bọ̀ ọ́.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo kí i, mo sì yára lọ sílé.

Ìyàwó mi béèrè láti orí ibùsùn pé, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan."

"Ẹ rí i? Ẹ̀wà ni."

Mo já ewé gúáfà, mo sè é, ó mu ún, ó bì í. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo sọ fún un pé kò yẹ kí n gba ìmọ̀ràn tó fún mi láàárọ̀. Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Kò dáhùn. Ọdún méjìdínlógójì ni a ti fẹ́ ara wa nígbà náà, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí mo sọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí kò fèsì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Mo mọ̀ pé bí n kò bá ṣe nǹkan kíákíá, mo lè pàdánù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ń wá bàtà mi ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni.

Ó ní, "Tíṣà, mo wá wo obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó ń ṣu gbuuru láti ìdájí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì le bí ti ọkùnrin tó jẹ iyán lálẹ́ àná. Irú àìsàn yẹn, mi ò rí i rí."

Mo yẹra fún un lẹ́nu ọ̀nà. Mo nawọ́ sí yàrá.

Nígbà tó rí ìyàwó mi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Ó ní kí n gbé omi tí a ti sè wá. Ó tú oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú àpò rẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún un mu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ síbi póò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bu ohun tó fẹ́, ó sì ti bébà náà bọ̀ ọ́.

"Ẹ bá mi wo aago, Tíṣà."

Mo jókòó ti aago. Mo ti ṣọ́ ìdánwò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta mo ní, "Kò tíì tó?"

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kí àkókò tó pé?"

Mo gbé ojú padà sára aago. Lẹ́yìn náà mo tún béèrè ohun tó ń rú mi lójú. "Ẹ ti ń fún un ní omi kí bébà tó sọ̀rọ̀. Kí la wá ń retí bébà sí?"

Kò dá ọwọ́ ṣíbí dúró. Ó ní, "Ẹni tí omi ń tán lára rẹ̀ ò lè dúró de bébà. Omi yìí, ti ìyá ni. Bébà yìí, ti òpópónà ni. Òun ló máa sọ ohun tí mo máa tì pa lónìí fún mi."

Ìlà kan yọ. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí n ní sùúrù, pé ìlà yẹn ń sọ pé bébà náà ṣiṣẹ́ ni. Ìlà kejì wá ń yọ bọ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ohun tí ọmọdé fi pẹ́ńsù kọ, títí ó fi pọ́n dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ní, "Omi wo lẹ̀ ń mu?"

"Kànga wa ni."

"Àwọn wo ló tún ń pọn ọ́n?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé: ilé kìíní, ìkẹrin, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án... Bí mo ṣe ń kà á, ohùn mi ń rẹlẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ẹ ní àgádágodo?"

Èmi fúnra mi ni mo fi àgádágodo ti kànga tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ ṣàdúrà fún mi. Ayálégbé mi kan, akẹ́kọ̀ọ́, dúró tì mí pẹ̀lú garawa. Ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ìwẹ̀ lásán ni mo fẹ́ wẹ̀ o." Mo ní kó lọ rùn díẹ̀, kó sì wà láàyè.

Kẹ̀kẹ́ Maruwa ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti fi fóònù sọ fún wọn pé bébà ti fa ìlà méjì, nítorí náà wọ́n ti tẹ́ ibùsùn dè wá lọ́tọ̀, wọn ò sì béèrè ìbéèrè gígùn. Wọ́n fa omi sí ìyàwó mi lára. Àpò omi kìíní tán. Wọ́n so èkejì rọ̀. Mo jókòó tì í, mò ń wo bí omi náà ṣe ń kán, n kò lè ka ohunkóhun, n kò lè kọ ohunkóhun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kírun alásàárì, ó la ojú. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé ike tiyín ni wọ́n fi mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn?"

N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì wa yẹn, tó wá wò wá, ló bá mi dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó le jù, ara fu mi."

Òun náà ló mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sọ ìyókù fún mi. Láàárín ọ̀sán, àwọn láńlọ́ọ̀dù ti mú ti aláìsàn gan-an wá. Ilé mẹ́rin ló fa ìlà méjì. Inú kànga mi ni ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń pọn omi. Ó ní bí ike kẹtàlá bá ti sọ òtítọ́ ní aago mẹ́jọ, òun ì bá ti ti kànga náà pa kí àwọn èèyàn tó pọn omi ìdáná ọ̀sán. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá sàn fún mi bó bá fi ìbínú sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ènìyàn méjì mìíràn dùbúlẹ̀ ní òpópónà wa. Àwọn méjèèjì yè, mo sì bẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí òun ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi padà wálé pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò rí sọ. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àdínì tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ dìde ní àsàlátù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn obìnrin, títí kan èyí tí mo ṣe lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọkùnrin yọjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó túká, obìnrin mẹ́ta ti jẹ́wọ́ pé ẹnì kan ń ṣu gbuuru nílé àwọn, wọ́n sì lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ní tèmi, mo jẹ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́. Mo ya ojú ìwé tuntun: ta ló ń ṣàìsàn, láti ìgbà wo, omi wo ló ń mu. Alága yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀.

"Akọ̀wé, níbo ni orúkọ láńlọ́ọ̀dù wà?"

"Bàbá, ẹ ò ṣàìsàn."

"Ṣé ó di ìgbà tí mo bá ṣu gbuuru kí n tó wọ ìwé ẹgbẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n da oògùn sí àwọn kànga, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ilé dé ilé, títí ó fi di pé ìlà kan ṣoṣo ló ń yọ níbi gbogbo.

Ẹ̀yin tí ẹ kà mí débí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n, kó má di pé ẹ jókòó ti ibùsùn ẹni yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò kì í ṣe ìpàdé tí a ń rán aṣojú sí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá gan-an ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, ì báà jẹ́ ayálégbé, ì báà jẹ́ ìyàwó ilé. Bí ojú bá ń tì í, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ bo àṣírí rẹ̀, ẹ máa fún un ní omi mu, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá sì ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ fa ìlà sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"